Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Bàtà Balógun?

Lọ́jọ́ tí Renzo ṣubú níwájú ilé àwọ̀n tó ṣófo, kò sí ẹni tó wo Renzo. Èmi ni wọ́n ń wò.

Aṣọ́lé àwọn tí à ń bá figagbága ti dùbúlẹ̀ sí apá kejì. Róbà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá họ́kì lórí yìnyín wà lẹ́nu ọ̀pá Renzo. Kò ju kó yí sápá òsì, kó rọra tì í wọlé. Bó ṣe ní kó yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lọ bí ìgbà tí ẹnì kan fà á látẹ̀yìn, ó sì fìdí jókòó sórí yìnyín. Róbà ń yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yí ojú sí ìkángun, níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú tówẹ̀lì àti òkúta ìpọ́n. Ìgbà kejì rèé tí balógun ikọ̀ wa máa ṣubú bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì ń pọ́n irin bàtà rẹ̀.

Magazziniere ni wọ́n ń pe iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Italy mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe ní Settimo, tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ṣáájú ìyẹn, mo ti ká èso ní Saluzzo, mo sì sùn níbi tí mi ò ní ròyìn. Díákónì kan nínú ìjọ wa ló gbọ́ pé ilé eré yìnyín kan létí Turin ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fi ẹnu díákónì yẹn rán ìròyìn sí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mi ò tíì rí yìnyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi inú fìríjì àwọn ẹlẹ́ja tútù, mo sì rò pé iná ló bàjẹ́ tí ilé fi tutù.

Beppe ló kọ́ mi ní ìpọ́n irin. Òun ni magazziniere nígbà náà, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi, bàbá arúgbó kan tí kì í bọ́ fìlà. Ó fún mi ní bàtà kan tó ti gbó, ó ní kí n máa pọ́n ọn ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn.

"Bàtà ta ni?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí o bá bà á jẹ́, kò sẹ́ni tó máa ṣubú."

Irin tó wà lábẹ́ bàtà yìnyín kì í mú lẹ́nu bí ọ̀bẹ. Etí méjì ló ní, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín etí méjèèjì kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìpọ́n ló ń gbẹ́ kòtò yẹn. Nọ́mbà la fi ń mọ bó ṣe jìn tó. Bí nọ́mbà bá kéré, kòtò jìn, irin á bu yìnyín jẹ, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì lè yí gírí. Bí nọ́mbà bá pọ̀, kòtò ò jìn, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, kò ní fa iṣan, ṣùgbọ́n kò ní yára yí. Bí mo bá ti pọ́n ọn tán, màá fi ẹyọ owó kan lé orí etí méjèèjì. Bí ẹyọ owó náà bá dúró gbọọrọ, ó dọ́gba. Bó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní láti tún un ṣe, nítorí ẹni tí etí kan bá ga ju èkejì lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yí sápá kan dáadáa, yóò sì ṣubú ní apá kejì.

Àṣà kan wà nínú ikọ̀ wa tí mo bá níbẹ̀. Yàrá ìpọ́n ní fèrèsé kékeré kan tó kọjú sí ibi tí àwọn eléré ti ń múra. Bí ẹnì kan bá gbé bàtà wá, yóò pariwo nọ́mbà rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn gbọ́, kí ó má bàa wá sọ lẹ́yìn eré pé nọ́mbà mìíràn lòun pè. "Tredici!" "Sedici!" Mẹ́tàlá, mẹ́rìndínlógún! Bí ọjà ló máa ń rí. Renzo nìkan ni kì í pariwo. Yóò gbé bàtà lé ojú fèrèsé, yóò fi ìka kan pákó, èmi fúnra mi ni màá sì pè é: "Dieci!" Mẹ́wàá. Kò sí ẹni tí kòtò tirẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ orí òkè ni Renzo, ó ti lé ní ogójì ọdún, kò sì sí ẹni tó gbá róbà wọlé tó o nílé eré yẹn. Àwọn tó ń wò ó nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ti ń gbé ọmọ tiwọn wá wò ó báyìí. Nítorí rẹ̀ ni Davide, ọmọkùnrin tó ń gbá ipò kan náà tó sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì dè é, fi ń pariwo "Dieci!" láti ọjọ́ tó ti dé.

Àṣà tèmi náà wà. Bí mo bá ti pọ́n bàtà tán, màá gbé ọwọ́ lé e, màá gbàdúrà ṣókí pé kí Olúwa má jẹ́ kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ kán lẹ́sẹ̀. Beppe máa ń ṣe àmì àgbélébùú sára ẹ̀rọ kó tó tan iná sí i, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Wọn ò bi èmi náà, títí di ìgbà tí balógun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú.

Lọ́jọ́ kejì ìṣubú ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, Davide yọ orí wọlé lójú fèrèsé.

"Kayo, kí lo máa ń sọ fún àwọn bàtà yẹn ná?"

Káyọ̀dé lorúkọ mi, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ò gùn tó o.

"Àdúrà ni," mo dá a lóhùn.

"Àbí macumba?"

Oògùn ìkà ni wọ́n ń pè ní macumba. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín, èyí kò dé ojú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí aṣọ́lé wa tó gbé bàtà rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ mi, tó lọ tì í mọ́ inú ọkọ̀ rẹ̀. Kò wo ojú mi.

Direttore, ọ̀gá tó ń gbà wá síṣẹ́, pè mí sí ọ́fíìsì.

"Kayo, ṣé ojú rẹ ṣì ń ríran dáadáa?"

"Ó ń ríran, sà."

"Beppe pọ́n bàtà Renzo fún ọ̀pọ̀ ọdún, Renzo kò ṣubú. Mi ò sọ pé ìwọ ni o. Ṣùgbọ́n Sátidé ni a ó pàdé àwọn ará Padova. Bó bá tún ṣubú, màá mú ẹlòmíràn wá."

Contratto mi, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, fẹ́ parí, mo sì ń tún permesso di soggiorno ṣe, ìwé tó ń jẹ́ kí a gbé nílùú yìí. Bí contratto bá já, kí ni màá mú dé Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fún wa ní ìwé náà? Mo jáde ní ọ́fíìsì yẹn, mo lọ gbé bàtà Renzo tó ti fi gbá eré. Mo gbé ẹyọ owó lé e. Ó wọ́ sápá òsì bí ọ̀mùtí. Mo gbé e súnmọ́ iná. Mo rí àpá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lára etí kan tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ mi. Ọwọ́ ènìyàn ló fi òkúta ha á. Èmi sì mọ̀ pé nígbà tí mo gbé e sórí pẹpẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú eré, ó dúró gbọọrọ.

Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ nílé eré náà. Ẹni tó kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, mo bi ara mi pé kí ló ń rín sí. Ẹni tí kò kí mi, mo ní òun rèé. Ṣùgbọ́n Davide ni mo ń ṣọ́ jù. Ó ti ń yí fèrèsé mi ká láti ìgbà díẹ̀. Bí mo bá gbé orí sókè, yóò wà níbẹ̀, yóò máa wo ẹyọ owó tó wà lórí irin, yóò fẹ́ sọ nǹkan, yóò sì lọ. Ta ni yóò jèrè bí Renzo bá ṣubú? Ẹni tó ń jókòó dè é náà ni.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún ìyàwó mi.

"Bàbá Tolú, kí lẹ tún ń wò?" ó ní. "Ẹni tó fẹ́ jókòó sípò ẹni ni kí ẹ ṣọ́. Ṣé ẹ̀ ń bá a jẹun?"

"Họ́kì là ń gbá, Ìyá Tolú, a kì í jẹun pọ̀."

"Ẹ ṣáà má gba omi lọ́wọ́ rẹ̀."

Tolú ọmọ wa tó ń kàwé fún ìdánwò gbé orí sókè. "Papà, ma chi ha la chiave?" Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?

Mo ní èmi ni, àti direttore, àti Renzo. Láti ayé Beppe ni balógun ti máa ń ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ìpọ́n, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dé.

"E allora?" Ẹ ò wá rí i?

"Ẹ wá wo ọmọ yìí. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ba bàtà ara rẹ̀ jẹ́? Ẹnì kan ló jí kọ́kọ́rọ́ rọ."

Ó gbé èjìká, ó padà sídìí ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, nígbà tí olùṣọ́-àgùntàn ní kí á dárúkọ ohun tó ń dí wa lọ́wọ́, mo dárúkọ Davide. Ìyàwó mi dárúkọ rẹ̀ tagbáratagbára ju tèmi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rí i rí.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo pọ́n bàtà Renzo, ó dọ́gba. Mo wá ṣe ohun tí Beppe kọ́ mi fún yíyẹ irin wò. Mo mú báírò máákà dúdú, mo fi kun etí méjèèjì láti òkè délẹ̀. Òkúta kò lè kọjá lórí irin yẹn láìgbé dúdú náà kúrò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo mì í wò, mo lọ sílé.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ṣáájú àsìkò tí mo máa ń wọ̀ ọ́. Ọ̀sán gangan ni, kò tíì yẹ kí ẹnikẹ́ni dé. Mo ń wọ ọ̀nà tó lọ sí yàrá ìpọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ: ṣùrù, ṣùrù, ṣùrù. Òkúta lórí irin. Mo ní ọwọ́ ti ba Davide. Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn, mo pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

Renzo ló jókòó lórí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lórí itan, òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú bí ẹni tí sobìyà ń mú. Dúdú tí mo fi kun irin ti kun gbogbo àtàǹpàkò rẹ̀.

Mo na ìka sí i.

"Ìwọ?"

"Ti ilẹ̀kùn, Kayo."

Mo tì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni mo dúró sí, mi ò sún mọ́ ọn. Mo ṣì ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá wọ́n ti ra òun fúnra rẹ̀ ni, pé kó máa ṣubú fún owó.

"Ìbàdí mi ni," ó ní. "Bí irin bá ti bu yìnyín jẹ tí mo fẹ́ yí, bí ìgbà tí wọ́n fi àdá là mí ló ń rí. Mo ní kí n fi òkúta pa ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí ó má jẹ yìnyín tó bẹ́ẹ̀."

"O pa etí kan ju èkejì lọ. Ìyẹn ló ń gbé ọ ṣubú."

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Kí ló dé tí o kò wá bá mi kí n yí nọ́mbà rẹ padà?"

Ó wo fèrèsé. "Kí n dé ibẹ̀ yẹn, kí n pariwo nọ́mbà àwọn arúgbó? Kí n tó wọ bàtà tán, direttore á ti gbọ́. Ohun tó ń dúró dè nìyẹn. Yóò ní kí n lọ máa wo eré nílé."

"O gbọ́ tí wọ́n ń pe àdúrà mi ní macumba."

Ó ń nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"O rí aṣọ́lé tó ń gbé bàtà sọ́kọ̀ nítorí mi."

"Mi ò rò pé wọ́n máa lé ọ."

"Òní ni wọ́n fẹ́ lé mi, Renzo. Bí o bá ṣubú lónìí, mo lọ, ìwé mi lọ."

Ó gbé òkúta sílẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá mi ná ọjà. "Pọ́n ọn sí diciannove fún mi. Mọ́kàndínlógún. Kí o sì máa pè é ní dieci bí o ti ń pè é. Mi ò ní ṣubú, ìwọ náà ò ní kúrò. Ta ló máa mọ̀?"

Kí n sọ òtítọ́, ó dùn mọ́ mi létí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi ló gbà. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti kọ́ ìwé, wọ́n sì na wá lórí irọ́ ju bí wọ́n ṣe nà wá lórí ìṣirò lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò ní dákẹ́ nígbà mìíràn?

"Ohun tí mo bá pọ́n ni màá pè," mo ní. "Mi ò ní lọ bá direttore. Ẹnu ara rẹ ni o máa fi sọ ọ́, lójú fèrèsé, bí gbogbo wọn. Bí o kò bá sọ ọ́, màá pọ́n ọn sí dieci, yóò dọ́gba, kí ìbàdí rẹ sì gbé e."

Ó dìde, ó gbé bàtà rẹ̀, ó jáde.

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n ń pariwo nọ́mbà, mò ń pọ́n, etí mi sì wà lójú ọ̀nà. Mo rí Renzo àti direttore lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Direttore gbé ọwọ́ lé e léjìká. Àwọn méjèèjì yíjú sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n sì yí i padà. Mo ní, ó ti parí, ó ti tà mí. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí màá sọ fún ìyàwó mi.

Ìgbà náà ni bàtà dún lórí pákó fèrèsé. Renzo ni. Mo dúró, mi ò pe nǹkan kan. Ó wò mí, ó gba èémí.

"Diciannove!"

Ẹnì kan tó ń di okùn bàtà dáwọ́ dúró.

"Diciannove?" Davide ló sọ̀rọ̀. "Nonno, bàbá àgbà, ṣé bàtà lo fẹ́ wọ̀ ni àbí sílípáàsì?"

"Sílípáàsì tó ń gbá a wọlé," Renzo dá a lóhùn. Ó yí padà sí gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́. Èmi ni mò ń fi òkúta ba irin mi jẹ́. Ìbàdí mi ti bàjẹ́, mò ń fi pamọ́. Kayo kò ṣe nǹkan kan. Mo ti sọ fún direttore. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yára, torí mo fẹ́ lọ wọ bàtà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ́lé wa dìde, ó jáde lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó padà wọlé pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lábẹ́ apá, ó gbé e lé orí pẹpẹ mi. "Sedici," ó ní, "àti nǹkan tí o máa ń sọ yẹn."

Davide ṣì dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Kayo," ó ní, "èmi náà... tredici."

"Sọ ọ́ sókè, ọmọ!" Renzo kígbe láti ẹ̀yìn.

"Tredici! Dieci yẹn ti fẹ́ já mi ní orúnkún láti oṣù yìí!" Ìgbà náà ni gbogbo wọn wá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń bẹ Olúwa lábẹ́lẹ̀ pé kó fagi lé gbogbo àdúrà tí èmi àti ìyàwó mi ti gbà lórí ọmọ ọlọ́mọ.

A pàdánù eré náà. Mi ò ní fi irọ́ dídùn parí ọ̀rọ̀ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Renzo ń yọ̀ kọjá ibi tó fẹ́ dúró, ó sì ń bú irin. Nígbà tó yá, kò sáré kiri mọ́, ó dúró sẹ́nu ilé bí ẹni tó ń retí àlejò. Davide gbá róbà kan, aṣọ́lé wọn fi ẹsẹ̀ gbá a padà, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀pá Renzo. Ó yí sápá òsì, mo di ojú. Ariwo ni mo gbọ́. Nígbà tí mo la ojú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, róbà sì wà nínú àwọ̀n. Ìyẹn nìkan la rí gbá wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Direttore ṣì ń bínú nígbà tó kọjá lára mi. "Mọ́ńdè, mú permesso rẹ wá ká fi ṣe contratto," ó ní, kò sì dúró. Mo ní ẹ ṣeun sà, mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo tún un sọ lẹ́yìn tó ti lọ. Ti Renzo, ó ní òun á rò ó dé òpin eré ọdún náà. Ó rò ó fún ọdún méjì sí i. Ní diciannove ni Renzo fi gbá eré ọdún méjèèjì, ó sì ń pariwo rẹ̀ lójú fèrèsé bí àwọn yòókù.

Lẹ́yìn eré ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn yòókù ń wẹ̀, ó wọ yàrá mi wá. Ó na kọ́kọ́rọ́ balógun sí mi.

"Gbà á," ó ní, "kí o má bàa máa ṣọ́ mi."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò tó bẹ́ẹ̀, kó fi sọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ ni wá láti ìgbà yẹn títí di òní, ó sì ti wá jẹun nílé mi lẹ́yìn tó fi eré sílẹ̀, ìyàwó mi sì bu omi fún un mu. Mo dárí jì í níbẹ̀ yẹn, tọkàntọkàn, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.